Nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù ní Ìtòkú: ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo ní oníbàárà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, mo tún ní ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ àbúrò mi ló ń bá mi gbé ìpè wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúrò lọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, títí di òní òun làwọn kan ṣì ń pè. Ní báyìí, ọmọkùnrin kan ní òun á ta nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù fún mi ní ₦8,000. Ó ní kò ní síìmù, pé kí n ṣáà fi ṣí WhatsApp, n kò sì ní san kọ́bọ̀ mọ́ láéláé. Ó ní ọkàn àwọn tó wà lókè òkun á balẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i. Ṣé kì í ṣe jìbìtì nìyẹn? Ṣé kò sì ní kó bá nọ́ńbà tí mo fi ń lo bánkì? Èmi ni Ìyá Aládìrẹ."

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé yín. Nígbà àkọ́kọ́ mo rò pé ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lẹ bá wá. Ìgbà kejì ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò yín ló ń dùn yín, tí ti ọmọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́jọ yìí kàn wá bà lé e. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ bi mí. Nọ́ńbà tí kò ní síìmù kì í ṣe jìbìtì, kò sì sí ohun tó kàn án pẹ̀lú nọ́ńbà bánkì yín, àfi tí ẹ bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń lò ó, èmi náà sì ń bá àwọn èèyàn tò ó n'Ìbàdàn níbí, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá, ẹ má rà á. Ẹ ní sùúrù kí n sọ ìdí rẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹ lè dá èyí tó dáa mọ̀ yàtọ̀ fúnra yín.

Ẹ ó rántí bí lẹ́tà ṣe ń wọ̀lú nígbà kan. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní àpótí lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó bá ní ọmọ lókè òkun a lọ bẹ hédímásítà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àpótí ilé ìwé. Lẹ́tà á dé, hédímásítà á ṣí àpótí, á fi lé ọmọ ilé ìwé tí ilé rẹ̀ bá súnmọ́ tiyín lọ́wọ́. Ẹ kì í gbé inú ilé ìwé. Ibẹ̀ kàn ni wọ́n ti ń bá yín gba nǹkan ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì rí, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní virtual number. Bí oníbàárà yín ní Peckham bá tẹ nọ́ńbà 020, tí í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ á rí i pé ilé iṣẹ́ lágbájá ló ni í, á gbé ìpè náà fún wọn. Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà á sọ ohùn di dátà, á fi rán íntánẹ́ẹ̀tì, ó di inú áàpù kan lórí fóònù yín ní Ìtòkú. Wọ́n sì tún lè darí rẹ̀ sórí líìnì yín gan-an, kí fóònù dún bíi ti ìpè gbogbo. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa sanwó ìṣẹ́jú tó gbé e láti ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, kì í ṣe ẹni tó pè. Kì í ṣe nǹkan àná. SIP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti jáde ní 1999, kí GSM tó wọ Nàìjíríà ní 2001.

Nínú ìtàn àpótí yẹn, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá gbé hédímásítà lọ sí ìlú mìíràn, lẹ́tà yín dà?

Nọ́ńbà náà ní àǹfààní o, n kò ní purọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú ọba ló ń san owó fóònù lóṣooṣù, ìpè sí nọ́ńbà 01, 02 àti 03 sì ti wà nínú ohun tí wọ́n san. Ẹni tó bá pe 020 kò ná nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá pe +234, owó tí wọ́n máa yọ á jẹ́ kó rò ó kó tó tún pè. Ṣùgbọ́n mélòó nínú oníbàárà yín ló ń pe líìnì yín ní tòótọ́? Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham, WhatsApp ló fi ń pe ìyá tó bí i, òun náà ló máa fi pe ìyá tó ń ta àdìrẹ fún un, kò sì sí ohun tó kàn án bóyá +44 ló ṣíwájú nọ́ńbà yín tàbí +234. Ẹni tí nọ́ńbà ìlú rẹ̀ máa fi lọ́kàn balẹ̀ ni ẹni tí kò mọ̀ yín rí: òyìnbó tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ọmọ Jàmáíkà tó rí àdìrẹ yín lọ́rùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ará Houston tí kò bá wọn lo WhatsApp, torí ní Amẹ́ríkà ìpè lásán àti àtẹ̀jíṣẹ́ ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe nǹkan. Bí irú wọn bá ń bá yín rajà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyá ìyàwó àti ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí nìkan ni, nọ́ńbà tí ẹ ní tó.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp ni ọmọkùnrin yẹn ti ṣì yín lọ́nà jù. WhatsApp kò nílò nọ́ńbà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣí i nìkan ló nílò rẹ̀: á fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀, ẹni tó bá rí kóòdù náà ló gbà pé ó ni nọ́ńbà. Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ lásán ni nọ́ńbà jẹ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà fi lè ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí WhatsApp yín sì máa ṣiṣẹ́ geere fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, tí ẹ ó máa rò pé kò séwu. Ó di ọjọ́ tí fóònù bá bọ́ sínú ìkòkò aró, tí ẹ ra òmíràn, tí WhatsApp sì ní kí ẹ mú kóòdù wá. Lọ́ńdọ̀nù ni kóòdù máa lọ. Ta ló fẹ́ bá yín gbà á? Ọmọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́jọ ti lè yí nọ́ńbà tirẹ̀ padà nígbà náà. Èyí tó tún burú ni pé bí ilé iṣẹ́ bá gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún sì fi ṣí WhatsApp, tiyín á já bọ́ lójú ẹsẹ̀. PIN ẹlẹ́yọ nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ lè fi tì í dáa, ẹ fi sí i lónìí sórí èyí tí ẹ ń lò, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje péré ló lè fi dá ẹni tí nọ́ńbà wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn tó ni WhatsApp gan-an sọ ọ́ pé àwọn kò fara mọ́ kí èèyàn fi nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀. Ó máa ń gbà nígbà mìíràn lóòótọ́. Mo ti rí èyí tó gbà tó sì pẹ́, mo sì ti rí èyí tí wọ́n dí pa lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú gbogbo àwòrán ọjà tó wà lórí rẹ̀.

Ẹ tún wo owó náà. ₦8,000 lẹ́ẹ̀kan, ó tán? Ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní nọ́ńbà, oṣooṣù tàbí ọdọọdún ló ń gbowó rẹ̀. Nọ́ńbà 020 lásán kì í ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ lóṣù. Torí náà, ẹni tó ní ẹ kò ní san nǹkan kan mọ́, nínú ohun méjì ó ń ṣe ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ó ti yá a fún oṣù kan, tí kò fẹ́ sọ ọjọ́ tó máa parí fún yín. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ńbà ìlú ni, èyí tí ogúnlọ́gọ̀ èèyàn jọ ń fi gba kóòdù, tí ẹ kò mọ ohun tí ẹlòmíràn fi ṣe lánàá. Mo mọ arábìnrin kan tó ra irú rẹ̀. Àlejò àkọ́kọ́ tó kí i lórí WhatsApp tuntun náà, ọkùnrin kan ni tó ń bèèrè owó rẹ̀ pẹ̀lú èébú. Ẹni tó lo nọ́ńbà ṣáájú ló jẹ ẹ́. Ẹ sì bá mi yẹ ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tó fẹ́ fún yín wò dáadáa. +44 20 ni Lọ́ńdọ̀nù. +44 70 kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, kì í sì í ṣe fóònù alágbèéká. Nọ́ńbà tí wọ́n lè darí síbikíbi láyé ni, àwọn oníjìbìtì sì ti lò ó débi pé ará ìlú ọba tó bá rí i á ti fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àwa níbí kì í tètè fura sí i, torí 0703 àti 0706 ti mọ́ wa lójú.

Ti bánkì, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí BVN yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Kódà, tó bá jẹ́ òun náà lẹ kọ sára nylon àti sórí Facebook, ẹ jẹ́ ká wá òmíràn fún ọjà, kí ti bánkì jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé nọ́ńbà yìí á ràn yín lọ́wọ́ láti ṣí àkáùntì bánkì lókè òkun, ọ̀pọ̀ bánkì níbẹ̀ ló ń yẹ nọ́ńbà wò, tí wọn kò ní fi kóòdù ránṣẹ́ sí i tó bá ti jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi fúnra mi ti fi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí pa oníbàárà mi lára rí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Ó ń kó èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ìlú ọba. Mo gba nọ́ńbà 020 fún un lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sára gbogbo àpò èlùbọ́ rẹ̀. Kí n lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà, orúkọ mi àti íméèlì mi ni mo fi forúkọ sílẹ̀, káàdì náírà tirẹ̀ ló sì ń san án. Nígbà tó di 2022, tí àwọn bánkì kan dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, káàdì kọ̀. Wọ́n kọ̀wé ìkìlọ̀, íméèlì tí n kì í ṣí ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kí a tó mọ̀, ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé ìpè àwọn tó fẹ́ ra èlùbọ́. Wọ́n ní ó tiẹ̀ níwà pẹ̀lẹ́. Ó ń sọ fún wọn pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó yá. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó jí nọ́ńbà, kò sí ẹni tó lu jìbìtì. Èmi ni mo di kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn mú, tí mo sì gbàgbé rẹ̀ sínú àpò.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá tiẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ilé iṣẹ́ náà lè kógbá sílé. Ọdún púpọ̀ ni Skype fi ta nọ́ńbà fún aráyé. Microsoft tì í pa ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn tó ní nọ́ńbà níbẹ̀ ní láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n máa gbé e lọ. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ kì í ṣe iye owó. Mo máa ń bi wọ́n bóyá a lè gbé nọ́ńbà náà kúrò lọ́dọ̀ wọn lọ sí ibòmíràn, àti ọjọ́ mélòó tí wọ́n máa fi dá a dúró fún wa bí owó bá pẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn méjì yẹn, mo fi í sílẹ̀.

Ó tún ku ti ìsọ̀ yín. Ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í jẹ dátà bí àwọn èèyàn ṣe rò. Èyí tí wọn kò fún ohùn rẹ̀ pọ̀ rárá ń jẹ nǹkan bíi 1.3 MB ní ìṣẹ́jú kan, lọ àti bọ̀, wákàtí kan kò tó 80 MB. Ìdádúró ohùn ló ń ba nǹkan jẹ́. Bí ohùn bá ti ń pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀yin àti oníbàárà á máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín, á dà bíi pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. N kò lè jókòó n'Ìbàdàn kí n mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe nínú Ìtòkú nígbà tí ọjà bá kún. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ jókòó sídìí ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan, ẹ fi dátà pe ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù lórí WhatsApp fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ń já, ti 020 náà á máa já, ojú ọ̀nà kan náà ni. Ẹ sì ro ti aago. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, aago kan náà ni Abẹ́òkúta àti Lọ́ńdọ̀nù ń lù. Ìgbà òtútù wọn, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ alẹ́ ní Houston, aago méjì tàbí mẹ́ta òru ni níbí. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà ìlú rẹ̀ kì í rò pé òun ń jí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa fi nọ́ńbà náà pe àwọn ará Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé oníjìbìtì ń pè ni wọ́n máa rí lójú fóònù. Láti 2021 ni ìjọba wọn ti fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa yẹ orísun ìpè wò. Fún gbígba ìpè, nọ́ńbà yìí dáa. Fún pípe èèyàn, n kì í gbà wọ́n níyànjú rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ má bínú sí i jù. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ oníbàárà ni oníbàárà ń pè, ọwọ́ ọmọ náà sì lẹ fi í sí. Ẹ bi ara yín: líìnì tó fi ń gbé ìpè nígbà yẹn, NIN ta ló wà lórí rẹ̀? Láti oṣù kejìlá 2020 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, ti ní kí gbogbo líìnì so mọ́ NIN ẹni tó ni í. Tó bá jẹ́ tiyín, ẹ gba ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lọ pẹ̀lú NIN yín, kí wọ́n bá yín ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní welcome back. Síìmù tuntun á jáde fún nọ́ńbà náà, ti ọwọ́ ọmọ á kú. Ẹ kọ́kọ́ pè é kí ẹ tó lọ, torí ẹbí ni. Bí ó bá jẹ́ NIN tirẹ̀, ẹ gbàgbé nọ́ńbà yẹn, ẹ kàn máa fi tuntun ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ yín báyìí ni líìnì kejì, Nàìjíríà ni, orúkọ yín ni, nínú fóònù kan tí kì í kúrò ní ìsọ̀. Ẹ fi ṣí WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè to àwòrán àdìrẹ àti iye owó sórí rẹ̀. Ẹ lè so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ ọn, kí ọmọ tó ń bá yín tajà máa dáhùn láti orí fóònù tirẹ̀, lábẹ́ nọ́ńbà tiyín. Lọ́jọ́ tó bá ní òun ń lọ, ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ Linked devices sí, ẹ yọ tirẹ̀ kúrò, ẹ fún un ní aṣọ ìdágbére. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ ń ṣí fóònù ìsọ̀ náà kó tó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ìyókù á já. Fún ìpè lásán, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ sóde, ẹ tẹ **21*, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ẹni tó máa bá yín gbé e, kí ẹ fi # parí rẹ̀. Ìpè á máa ya sọ́dọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi tẹ ##21#. Owó ìpè tó yà yẹn, lára yín ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ẹ bá rí i pé àwọn tí kò mọ̀ yín rí ń wá láti ìlú ọba, ẹ gba 020 nígbà náà, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yín, ìwé ìdánimọ̀ yín àti íméèlì tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹ lò ó fún oṣù kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sára nylon kankan. Ẹ sì kọ Ìtòkú, Abẹ́òkúta, sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Kí ẹ sọ pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham nìkan ló lè sọ nọ́ńbà yẹn di jìbìtì, ẹ kò sì nílò rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ, orúkọ Ìtòkú gan-an ló ń wá kiri.

Bí ọmọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́jọ bá tún dé, ẹ ní kó ṣí àkáùntì tó fi gba nọ́ńbà náà lójú yín, kí ẹ rí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí owó tún máa pé. Bó bá gbà, tó sì yí i sí orúkọ yín níṣojú yín, ẹ tún kọ̀wé sí mi, ká jọ wo ilé iṣẹ́ tó ti gbà á.